Omi elépo inú ọkọ̀ òkun: ibo ló ń gbà lọ, kí ló dé tí kọ́ńpìnì fi ń tìtorí ẹ̀ san mílíọ̀nù dọ́là?

Bí ìròyìn bá jáde pé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn lé kọ́ńpìnì ọkọ̀ òkun kan torí ohun tí wọ́n ń pè ní "magic pipe", ìyẹn páìpù tí wọ́n fi ń yọ́ da omi elépo sínú òkun, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rò ni pé ọkọ̀ agbépo kan ló fọ́ lójú òkun tí epo rọ̀bì sì dà síta. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Lọ́pọ̀ ìgbà ọkọ̀ ò fọ́, kò gbá nǹkan kan, kò tiẹ̀ gbé epo rárá, kọ̀ǹténà ló kó tàbí àwọn èèyàn tó ń lọ gbafẹ́. Àwọn kan á máa bèèrè pé ṣé òótọ́ ni pé òfin gbà kí ọkọ̀ da omi tó ní epo sínú òkun, tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí wá lẹ̀ṣẹ̀ wọn? Tí wọ́n bá gbọ́ ti ọkọ̀ Caribbean Princess, tí Amẹ́ríkà bá ṣẹjọ́, àwọn míì á ní ẹ̀bá Ìlú Ọba ni wọ́n ti dà á, kí ló kan Amẹ́ríkà níbẹ̀? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀rọ̀ tó kan ẹnikẹ́ni tó ń jẹ ẹja òkun ni.

Ọkọ̀ tí ò gbé epo, ibo ló ti rí epo tó ń dà nù?

Gbogbo ọkọ̀ ńlá ló ní yàrá ẹ́ńjìnì, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló sì máa ń wà. Ẹ́ńjìnì tó ń ti ọkọ̀ kọ̀ǹténà ńlá lè ga ju mítà 10 lọ, àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké míì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń fún ọkọ̀ níná, ká má tíì sọ ti pọ́ǹpù àti páìpù tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Níbi tí irin bá ti ń yí tí epo sì ń ṣàn, nǹkan á máa kán. Ibi tí irin ti wọnú pọ́ǹpù á máa kán omi, páìpù epo á máa sun díẹ̀díẹ̀, omi òkun tí wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnì lára á máa jò, ooru á di omi lára irin, àwọn òṣìṣẹ́ náà á tún fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá ló máa ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bilge. Omi tó bá jọ síbẹ̀ ni omi bilge. Omi lásán ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ epo wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, ìpẹtà àti ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀. Wọn ò lè fi í sílẹ̀ kó máa ga sí i, torí epo tó léfòó lórí omi nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì gbígbóná lè gbaná nígbàkigbà, ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù fi máa ń fà á lọ sínú táńkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un.

Ìkejì ni sludge. Epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń jó kì í ṣe dísù tí à ń rà ní filling station. Epo dúdú tó ki ni, ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fa bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù kúrò lára epo rọ̀bì, àfi kí wọ́n gbé e kaná kó tó lè ṣàn dáadáa. Omi àti ìdọ̀tí máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì ò sì gbọdọ̀ mu ún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní purifier ló máa ń fi eré burúkú yí epo yẹn pòòyì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, epo tó mọ́ á bá ọ̀nà tiẹ̀ lọ, ìdọ̀tí tó ki mọ́ra á bọ́ sí ọ̀tọ̀. Ìdọ̀tí yẹn ni sludge. Tí a bá ní ká díwọ̀n ẹ̀, ó máa ń tó bí 1% sí 1.5% gbogbo epo dúdú tí ọkọ̀ ń jó. Ọkọ̀ tó bá ń jó tọ́ọ̀nù 50 lóòjọ́, sludge ẹ̀ á tó ìdajì tọ́ọ̀nù lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá fi máa lo ogún ọjọ́ lórí òkun, tọ́ọ̀nù 10 ti wà nílẹ̀ tó ń wá ibi tó máa gbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ìṣirò yìí, a ṣì máa padà lò ó.

Àwọn ọkọ̀ agbépo ní tiwọn lọ́tọ̀, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ táńkì tí wọ́n kó epo sí, òfin tiẹ̀ náà sì dá yàtọ̀. Mi ò ní fi ìyẹn da àlàyé yìí rú. Omi bilge àti sludge la ń bá lọ, torí kò sí ọkọ̀ ńlá tó ń jó epo dúdú tí méjèèjì ò sí nínú ẹ̀.

Kí ni òfin sọ gan-an?

Tẹ́lẹ̀, òkun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń da gbogbo ẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ohun tó la ayé lójú ni ìjàǹbá Torrey Canyon ní oṣù kẹta ọdún 1967, ọkọ̀ agbépo tó gun àpáta lẹ́bàá Cornwall ní Ìlú Ọba, epo rọ̀bì tó lé ní 100,000 tọ́ọ̀nù ló wà nínú ẹ̀, ó ba etíkun Ìlú Ọba àti ti Faransé jẹ́, ó sì pa ẹyẹ òkun rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní London lábẹ́ àjọ tí à ń pè ní IMO lónìí, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, wọ́n sì fẹnu kò lórí àdéhùn kan lọ́dún 1973 tí wọ́n ń pè ní MARPOL. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1978, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2, 1983. Apá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀, Annex I, ló dá lórí epo.

Ohun tó sọ nípa sludge ò ṣòroó yé rárá: ẹ ò gbọdọ̀ dà á sínú òkun. Ẹ lè jó o nínú ẹ̀rọ ìjódọ̀tí tó wà nínú ọkọ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún àwọn tó ń gbà á ní èbúté, ó parí.

Ti omi bilge ló ń rú àwọn èèyàn lójú, torí òfin fàyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá tó 400 gross tons sókè, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi títóbi inú ọkọ̀ díwọ̀n ẹ̀, lè da omi bilge sínú òkun tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ń rìn lọ lọ́wọ́, tí omi náà sì ti gba inú ẹ̀rọ tó ń yọ epo kọjá, tí epo tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ò sì ju 15 ppm lọ. Tó bá jẹ́ agbègbè Antarctica, kò sí àyè kankan rárá, ìkán kan ò gbọdọ̀ kán síbẹ̀. Láti ọdún 2017, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní omi Arctic lókè lọ́hùn-ún.

15 ppm wá ń jẹ́ kí ni?

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí ẹ bá pín omi náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, epo ò gbọdọ̀ ju ìdá 15 lọ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ẹ fojú inú wo tánkà tó ń gbé omi káàkiri àdúgbò l'Ékòó, èyí tó gba 10,000 lítà. Tí gbogbo omi inú tánkà yẹn bá jẹ́ omi bilge tó wà lójú ìwọ̀n òfin, epo tó máa wà nínú ẹ̀ ò ní ju 150 mílílítà lọ. Ọ̀rá pure water kan jẹ́ 500 mílílítà, torí náà epo yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá kan, nínú odindi tánkà.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń sọ pé òfin tó gbà kí wọ́n da ohunkóhun sómi, òfin àwọn olówó ni. Mo mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá, ẹni tó ti rí ohun tí epo ṣe sí omi Niger Delta ò ní fẹ́ gbọ́ pé "ó kéré". Àmọ́ òfin tó bá ní kí ọkọ̀ má da ìkán kan, ọkọ̀ tó ń lo oṣù kan lórí omi ò ní ríbi kó o sí, ohun tó máa bí ni irọ́. Ní tèmi, ìwọ̀n yẹn ò burú tí wọ́n bá ń tẹ̀ lé e. Ìṣòro wà lọ́wọ́ àwọn tí ò tẹ̀ lé e, ibẹ̀ la sì ń lọ.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń yọ epo kúrò lára omi?

Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà ni oily water separator, OWS làwọn ẹnjiníà máa ń kékúrú ẹ̀ sí. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé epo fúyẹ́ ju omi lọ. Omi bilge á wọlé, á rọra máa lọ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn àwo pẹlẹbẹ tàbí fílítà tí wọ́n tò sínú ẹ̀, àwọn ìkán epo kéékèèké á máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n á máa para pọ̀ di ńlá, tí wọ́n bá ti tóbi tó wọ́n á léfòó sókè, páìpù kan á fà wọ́n lọ sí táńkì tiwọn. Omi tó ṣẹ́ kù á tún gba fílítà míì kọjá kó tó jáde.

Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́, oil content meter. Ó ń tan iná la omi náà kọjá nínú gíláàsì tín-ínrín, bí iná yẹn bá ṣe fọ́n ká sí ló fi ń mọ iye epo tó wà níbẹ̀. Tó bá ti rí i pé ó ju 15 ppm lọ, aláámù á dún, fáàfù kan tó ní ọ̀nà mẹ́ta á yí fúnra ẹ̀, omi yẹn á padà sínú táńkì bilge dípò kó lọ sínú òkun. Ọkọ̀ tó bá tó 10,000 gross tons sókè, dandan ni kó ní aláámù àti fáàfù tó ń dá ara ẹ̀ pa yìí. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ láti ọdún 2005 tún ń tọ́jú àkọsílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n lò ó, aago tó lù, ìgbà tí aláámù dún, gbogbo ẹ̀ á wà nínú ẹ̀ fún oṣù 18 ó kéré tán.

Àmọ́ o, ohun kan wà tó máa ń dójú ti ẹ̀rọ yìí, ọṣẹ ni. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá da ọṣẹ líle sílẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnì láti fi fọ ọ̀rá kúrò, ọṣẹ yẹn á gé epo sí wẹ́wẹ́ débi pé kò ní lè léfòó mọ́, á kàn máa rìn káàkiri inú omi, omi náà á funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀rọ tó ń dúró de epo kó léfòó á dúró dúró á sú. Fílítà á dí, aláámù á máa dún ṣáá, omi á máa yí padà sínú táńkì, táńkì á sì máa kún. Ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ á jí lóru torí aláámù kan náà, á pààrọ̀ fílítà, kò ní pẹ́ kó tún dún. Fílítà yẹn náà owó ni, ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì kì í sì í fún ọkọ̀ ní èyí tó pọ̀ tó. Ibi tí ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ò dáa o, wọ́n kàn fi ohun tí kò yẹ bọ́ ọ ni, wọn ò sì tọ́jú ẹ̀.

Kí wá ni magic pipe?

Páìpù lásán ni, tàbí họ́ọ̀sì onírọ́bà tó láwọn irin flange méjì lẹ́nu, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so páìpù mọ́ra. Kò sí idán kankan nínú ẹ̀. Wọ́n á so ẹnu kan mọ́ pọ́ǹpù bilge tàbí ti sludge, wọ́n á so ẹnu kejì mọ́ páìpù tó jáde sínú òkun, omi elépo á wá fo OWS dá pátápátá. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á tú u, wọ́n á fi irin dí ojú ibẹ̀ padà, páìpù náà á lọ sábẹ́ irin tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kí awọ epo má bàa hàn lójú omi.

Ọ̀nà míì wà tí ò nílò páìpù. Wọ́n á ṣí fáàfù omi òkun tó mọ́ sí oil content meter yẹn, omi tó mọ́ gaara lòun á máa rí, á máa kọ 0 tàbí 2 ppm, nígbà tí ìdọ̀tí ń jáde lọ.

Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti mọ gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá wọ yàrá ẹ́ńjìnì, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Tí nọ́ọ̀tì mẹ́jọ bá wà lára flange kan, tí ọ̀dà ara wọn ti fọ́, tí irin sì ń dán lẹ́nu wọn, tí ti flange tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ṣì wà bí wọ́n ṣe kùn ún láti yáàdì, ẹnì kan ti ń tú ibẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n tú páìpù tó wà lẹ́yìn OWS, wọ́n á ti ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ bọ inú ẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé omi 15 ppm nìkan ló ń gbà kọjá, epo dúdú ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn nínú, tí ọwọ́ bá jáde ní dúdú, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Wọ́n tún máa ń sọ fún ẹnjiníà pé kó tan ẹ̀rọ náà kí àwọn rí i. Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ń lò ó lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tí ò wá mọ fáàfù tó yẹ kóun kọ́kọ́ ṣí, ó ti jẹ́rìí ta ko ara ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Caribbean Princess?

Èyí ló gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀. Caribbean Princess jẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ti kọ́ńpìnì Princess Cruise Lines. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n da omi elépo bíi gálọ́ọ̀nù 4,227, ìyẹn nǹkan bí 16,000 lítà, sínú òkun ní bíi máìlì 23 sí etíkun Ìlú Ọba. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni wọ́n ń fi omi òkun tó mọ́ gba inú ẹ̀rọ kọjá, kí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà lè sọ pé OWS ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ rí i. Nígbà tí ọkọ̀ dé Southampton, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ sọ fún àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e, torí ó wà nínú ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ẹjọ́ náà. Ọ̀gá ẹnjiníà àti igbákejì ẹ̀ ní kí wọ́n sáré tú páìpù náà kúrò, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ abẹ́ wọn pé kí wọ́n purọ́. Ọ̀gá ẹnjiníà yẹn wá pe ìpàdé sí yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ́ńjìnì, ó ń ṣe bí ẹni ń wádìí ọ̀rọ̀, àmọ́ ó gbé pátákó kan sókè tó kọ ọ́ sí lára pé "LA is listening", ìyẹn ni pé olú ilé iṣẹ́ wọn ní Los Angeles lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń ṣèwádìí pẹ̀lú ẹnu, tó ń fi ọwọ́ kìlọ̀ fún wọn! Nígbà tí ọkọ̀ dé New York ní oṣù kẹsàn-án, tí àwọn Coast Guard, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, wọlé, àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ ṣì ń purọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

Ìwádìí wá fi hàn pé ìwà yẹn ti wà nínú ọkọ̀ náà láti 2005, ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì rí ìwà tí ò bófin mu nínú ọkọ̀ mẹ́rin míì tó jẹ́ ti kọ́ńpìnì kan náà. Ní oṣù kejìlá 2016, kọ́ńpìnì náà gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn ọ̀daràn méje, wọ́n sì gbà láti san $40 mílíọ̀nù, owó tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni dìgbà náà torí kí ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ da ìdọ̀tí sómi. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i ní 2017, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ wọn fún ọdún márùn-ún. Ìṣọ́ yẹn náà ò lọ wọ́ọ́rọ́: ní 2019 Carnival tó ni kọ́ńpìnì náà tún san $20 mílíọ̀nù torí wọ́n rú àdéhùn ọ̀hún.

Ẹ̀bá Ìlú Ọba ni wọ́n ti dà á, kí ló wá kan Amẹ́ríkà?

Ibí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ọkọ̀ tó bá wà lójú agbami, orílẹ̀-èdè tó forúkọ sílẹ̀ sí, èyí tó ń ta àsíá ẹ̀, ló láṣẹ láti bá a wí lórí ohun tó dà síbẹ̀. Amẹ́ríkà ò lè déédéé ní òun fẹ́ ṣẹjọ́ omi tí wọ́n dà sí ibi tí kì í ṣe tòun. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni ti ìwé.

Gbogbo ọkọ̀ tí òfin yìí kàn ló ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Oil Record Book. Gbogbo ìgbà tí epo ìdọ̀tí bá ti kúrò lójú kan lọ sójú kejì, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́tà C ni ti sludge: táńkì wo ló wà, mélòó ló kù nínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ni wọ́n jó, mélòó ni wọ́n gbé fún èbúté. D ni ti omi bilge: mélòó ni wọ́n dà, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n parí, ibo ni ọkọ̀ wà lórí máàpù nígbà méjèèjì. F sì ni ti ìgbà tí ẹ̀rọ bà jẹ́ àti ìdí tó fi bà jẹ́. Ẹnjiníà tó ṣe iṣẹ́ náà á fọwọ́ sí i, kápútẹ́ẹ̀nì á fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tọ́jú ìwé náà fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn sínú ẹ̀.

Ẹni tó bá wá fi magic pipe da omi, kò lè kọ ọ́ síbẹ̀, àbí báwo ló ṣe máa kọ ọ́? Yálà kó má kọ nǹkan kan tàbí kó kọ irọ́. Bí ọkọ̀ yẹn bá ṣe wọ èbúté Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé tí irọ́ wà nínú ẹ̀, tó sì gbé e lé Coast Guard lọ́wọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti dẹ́ṣẹ̀ yẹn. Òfin wọn tí wọ́n ń pè ní APPS, tó ti wà láti 1980, ló fi ń mú wọn. Òfin yẹn kan náà ló gbà kí adájọ́ fún ẹni tó tú àṣírí ní tó ìdajì owó ìtanràn tó bá wá láti inú ẹ̀. Ẹnjiníà Caribbean Princess yẹn gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ibi tí ìṣirò sludge tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan ti wúlò rèé. Ayẹ̀kọ̀wò á ṣí ìwé, á wo iye epo tí ọkọ̀ jó láàárín oṣù mẹ́ta, á fi 1% ṣírò ẹ̀. Tó bá yẹ kí sludge tó tọ́ọ̀nù 40, tí ìwé sì ń sọ tọ́ọ̀nù 9, ibo ni ìyókù wà? Tí wọ́n bá ní àwọn jó o, á wo iye tí ẹ̀rọ ìjódọ̀tí lè jó láàárín wákàtí kan, á wo iye wákàtí tí wọ́n ní àwọn fi jó o. Nọ́ńbà kì í mọ irọ́ pa bí èèyàn. Mo ti rí àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, pé Amẹ́ríkà kàn ń wá owó. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Lójú agbami tí kò sí ọlọ́pàá, ìwé yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tí òkun ní.

Kí ló dé tí ẹnjiníà fi máa ń ṣe é?

Owó. Lórí Caribbean Princess, ọ̀gá ẹnjiníà sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ pé owó tí wọ́n máa fi gbé ìdọ̀tí náà sílẹ̀ ní èbúté ti pọ̀ jù, pé ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ láti orí ilẹ̀ ò ní fẹ́ san án. Kì í ṣe ẹnjiníà ló ń jẹ èrè owó tí wọn ò san yẹn o. Àmọ́ òun ló máa jìyà ẹ̀, àwọn ẹnjiníà ti lọ sẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà torí irú ẹ̀, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé gbà á sì lọ. Àwọn ọmọ wa náà ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun, ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ohun tẹ́ ò ṣe, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ti ara yín sílẹ̀, ọjọ́, aago, nọ́ńbà táńkì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ìbuwọ́lùwé yín ló máa kúrò nínú yàrá ẹ́ńjìnì dé kóòtù, ọ̀gá tó pàṣẹ lórí fóònù lè má fọwọ́ sí nǹkan kan.

Tí ọkọ̀ bá dé Apapa ńkọ́?

MARPOL ò kàn pàṣẹ fún ọkọ̀ nìkan, ó pàṣẹ fún ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí èbúté wọn ní ibi tí ọkọ̀ lè gbé ìdọ̀tí elépo sí láì fi í ṣòfò àkókò. Bó ṣe máa ń lọ ni pé aṣojú ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀ á ti fi tó wọn létí kí ọkọ̀ tó dé, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tàbí tánkà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á so họ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ẹnu páìpù tí wọ́n máa so ó mọ́, ìwọ̀n kan náà ló ní káríayé, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 215 mílímítà, bọ́ọ̀tì mẹ́fà ló sì ń dè é, kí ọkọ̀ tó wá láti Ṣáínà má bàa dé Èkó kó ní họ́ọ̀sì wa ò bá òun mu. Wọ́n á fà á tán, wọ́n á fún ẹnjiníà ní rìsíìtì tó sọ iye tí wọ́n gbà, rìsíìtì yẹn á wà pẹ̀lú Oil Record Book. Wọ́n lè yọ omi kúrò lára epo tí wọ́n gbà yẹn kí wọ́n sì tún un lò. Tí èbúté ò bá ní ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ìyẹn ò sọ pé kí ọkọ̀ dà á sómi, á gbé e lọ sí èbúté tó kàn, kápútẹ́ẹ̀nì á sì fi ẹjọ́ èbúté náà sun.

Àjọ NIMASA ló ń yẹ ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wò tí wọ́n bá gúnlẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà sì ti ní àdéhùn kan láti 1999 tí wọ́n ń pè ní Abuja MoU, kí ọkọ̀ tí wọ́n bá rí àléébù ẹ̀ ní èbúté kan má lè sá lọ sí ti ẹnì kejì. Èkó ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà.

Kì í ṣe gbogbo epo tẹ́ ẹ bá rí létíkun ló ti inú ọkọ̀ wá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà lórí omi, tẹ́ ẹ rí ọkọ̀ ńlá tí awọ epo ń tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò tí ọkọ̀ àti awọ náà á jọ hàn nínú ẹ̀, ẹ kọ aago àti ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí NIMASA. Ẹ má gbára lé orúkọ ọkọ̀ nìkan, wọ́n lè pa orúkọ dà lọ́la. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ orúkọ, ẹ máa rí IMO pẹ̀lú nọ́ńbà méje tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kì í yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi gé e fún irin.